Bí ẹ ṣe lè tọpinpin Hawaii Clipper láti Ògbómọ̀ṣọ́

Hawaii Clipper ni bàálù tó pòórá lójú òkun Pàsífíìkì ní 1938. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni tí wọ́n ní ó jí bàálù náà gbé. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń há sí. Ọ̀rọ̀ tó jáde kẹ́yìn láti inú rédíò rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbá mú.

Ohun tó dájú kò pọ̀. Hawaii Clipper jẹ́ bàálù ẹlẹ́ńjìnnì mẹ́rin tó ń bà sórí omi, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Martin M-130. Ilé iṣẹ́ Pan American ló ni ín. Ó ń ná San Francisco ní Amẹ́ríkà sí Manila ní Philippines, ó sì ń yà ní Honolulu, Midway, Wake àti Guam. Ní oṣù Keje ọdún 1938 ó gbéra ní Guam, ó forí lé Manila, pẹ̀lú èrò 6 àti òṣìṣẹ́ 9. Leo Terletzky ni ọ̀gá awakọ̀. Kò dé Manila. Meigs, ọkọ̀ ojú omi àwọn ológun Amẹ́ríkà, rí epo tó léfòó lórí òkun, àmọ́ kò sẹ́ni tó rí àfọ́kù bàálù náà títí dòní.

Aago ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Ìwé kan á kọ ọjọ́ 28, òmíràn á kọ 29, ẹ ó sì rò pé ẹnì kan ló ṣì í. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn wọlé ní 12:11 ọ̀sán ní Manila, ọjọ́ 29. Manila fi wákàtí 8 ṣíwájú Greenwich, ìyẹn aago ìlú kan ní England tí gbogbo ayé fi ń díwọ̀n, nítorí náà 4:11 ìdájí ni ní Greenwich, 5:11 ní Nàìjíríà, 2:11 ọ̀sán ní Guam. Ní Honolulu, ọjọ́ 28 ni wọ́n ṣì wà, 5:41 ìrọ̀lẹ́. Ibí yìí ni fóònù ti ń tan èèyàn jẹ: ní 1938, wákàtí 10 àti ààbọ̀ ni Honolulu fi wà lẹ́yìn Greenwich, kì í ṣe 10 bíi ti òde òní. Ẹ fọwọ́ ṣírò rẹ̀. Ẹ kọ gbogbo àkókò sí aago Greenwich nínú ìwé yín, kí ẹ sì kọ aago tí ẹ bá nínú ìwé ìròyìn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ibi tó wà. Òṣìṣẹ́ rédíò inú bàálù ní àwọn wà ní 12°27′ àríwá, 130°40′ ìlà oòrùn, pé ìṣirò ni àwọn fi mọ̀ ọ́n. Ìyẹn ni pé eré, ọ̀nà àti àkókò ni wọ́n fi ṣe é, wọn ò wo oòrùn tàbí ìràwọ̀. Eré wọn jẹ́ knot 112, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ bọ̀ ní knot 19 láti 247°, ìyẹn láti ìhà gúúsù ìwọ̀ oòrùn. Knot kan jẹ́ máìlì orí omi kan ní wákàtí. Bó bá jẹ́ pé ti aago 12 géérégé ni ipò yẹn, bàálù á ti fi nǹkan bíi máìlì orí omi 20 kọjá ibẹ̀ kí ó tó di 12:11. Àmì kan ṣoṣo lórí máàpù kò tó. Ẹ fa òbìrí yí i ká.

Àpẹẹrẹ ìdí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ wọ̀n nǹkan fúnra yín: wọ́n máa ń kọ ọ́ pé ó ku máìlì 565 sí Manila. Máìlì wo? Bí ẹ bá wọ̀n ọ́n láti ipò yẹn, ẹ ó rí nǹkan bíi kìlómítà 1,075. Máìlì orí ilẹ̀ 565 jẹ́ kìlómítà 909, ti orí omi jẹ́ 1,046. Ti orí omi ló sún mọ́ ọn, nítorí náà ẹni tó bá fi máìlì ọ̀nà mọ́tò ṣírò á ti fi ọ̀pọ̀ kìlómítà ṣìnà.

Ìwé ìròyìn ìgbà náà wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì: Chronicling America ti Amẹ́ríkà, Trove ti Ọsirélíà, NewspaperSG ti Singapore. Ẹ wá ọjọ́ 28 oṣù Keje sí 10 oṣù Kẹjọ. Ẹ máa tẹ "Clipper", "Terletzky" àti "Meigs" lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí ẹ̀rọ tó ka ojú ìwé àtijọ́ náà máa ń ṣi lẹ́tà kà; ẹ dán "Terletsky" náà wò. Iná àti dátà Ògbómọ̀ṣọ́ kò gba kéèyàn máa ṣí odindi ojú ìwé. Ẹ kọ́kọ́ gba ọ̀rọ̀ lásán, kí ẹ tó gba àwòrán ojú ìwé tí ẹ nílò gan-an, ó sàn kó jẹ́ òru. Bí ogún ìwé ìròyìn bá gbé gbólóhùn kan náà láti ọ̀dọ̀ agbéròyìn kan, ẹlẹ́rìí kan ni ẹ rí, kì í ṣe ogún.

Àhesọ wá kàn. Wọ́n ní àwọn ará Japan ló gbà á, nítorí owó tí Wah Sun Choy, ọ̀kan nínú àwọn èrò, ń gbé lọ fún Ṣáínà. Wọ́n ní Truk, àwọn erékùṣù òkun Pàsífíìkì tó wà lábẹ́ Japan nígbà náà, ni wọ́n gbé e lọ. Ẹ kọ ọdún tí àhesọ kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ jáde sí iwájú rẹ̀. Ẹ wá bi í ní ìbéèrè ìṣirò: láti ipò ìkẹyìn sí Truk, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó máìlì orí omi 1,280. Ṣé epo tó kù á gbé e dé ibẹ̀? Kẹ́ ẹ má rẹ́ ẹ jẹ, ẹ rántí pé afẹ́fẹ́ tó ń dojú kọ ọ́ nígbà tó ń lọ á máa tì í lẹ́yìn bó bá yí padà.

Fọ́tò náà ń ṣini lọ́nà, torí M-130 mẹ́ta ni wọ́n ṣe, wọ́n sì jọra bí ìbẹta. Ẹ wo nọ́ńbà ara wọn: Hawaii Clipper ni NC14714, Philippine Clipper ni NC14715, China Clipper ni NC14716. Ẹ má sì fi Samoan Clipper pè é. Sikorsky nìyẹn, oṣù Kìíní ọdún 1938 ló bú gbàmù nítòsí Pago Pago, Edwin Musick ló ń wà á.

Yunifásítì Miami ló ń tọ́jú àwọn ìwé Pan American. Kí ẹ tó kọ lẹ́tà sí wọn, ẹ wo àtòjọ wọn, kí ẹ dárúkọ nọ́ńbà àpótí àti fáìlì tí ẹ ń fẹ́, kí ẹ sì bèèrè iye owó ẹ̀dà kí wọ́n tó ṣe é. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi gbogbo ohun tí ẹ ní ránṣẹ́" kì í sábà rí èsì tó wúlò. Fáìlì tó bá dé, ẹ fi ọjọ́ rẹ̀ ṣíwájú orúkọ rẹ̀, bíi 1938-07-29, kí kọ̀ǹpútà lè tò wọ́n fúnra rẹ̀.