Bí a ṣe ń yẹ ìròyìn ìtànṣán olóró wò kí ọjà ẹja Ẹ̀pẹ́ tó dàrú

Bí ìjàm̀bá bá ṣẹlẹ̀ ní iléeṣẹ́ tó ń fi agbára núkílíà pèsè iná mànàmáná, ibi yòówù kó ti ṣẹlẹ̀ láyé, kì í pẹ́ tí ìròyìn rẹ̀ fi ń dé Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́. Oníbàárà á dúró níwájú igbá títùs, á fọwọ́ kan ẹja, á tún yára mú ọwọ́ kúrò, á wá béèrè pé, "Ìyá, ṣé kì í ṣe èyí tí wọ́n kó wá láti Jàpáànù nìyí?" Ìbéèrè náà kì í ṣe ti òmùgọ̀. Lẹ́yìn tí ìmìtìtì ilẹ̀ àti omi òkun tó ya bo ilẹ̀ ba iléeṣẹ́ Fukushima Daiichi jẹ́ ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2011, òǹkà tó ṣeé gbára lé ṣọ̀wọ́n fún àwọn ará ìlú níbẹ̀, débi pé àwọn kan fúnra wọn dá ẹgbẹ́ Safecast sílẹ̀, tí wọ́n ń gbé ẹ̀rọ sínú ọkọ̀ láti máa wọn ìtànṣán òpópónà dé òpópónà. Àmọ́ òǹkà tí kò sọ ohun tí wọ́n wọ̀n, ibi tí wọ́n ti wọ̀n ọ́n àti ìgbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n kò yẹ kó ba ọjà ẹnikẹ́ni jẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ tó bá òǹkà náà rìn. Sievert ni wọ́n fi ń sọ ìtànṣán tí ara ènìyàn gbà. Becquerel ni wọ́n fi ń sọ bí ẹja, omi tàbí erùpẹ̀ ṣe ń tú ìtànṣán jáde tó. Sievert ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù, nítorí pé wọ́n máa ń gé e sí wẹ́wẹ́: sievert 1 jẹ́ millisievert 1,000, millisievert 1 sì jẹ́ microsievert 1,000. Ẹni tó bá pe "micro" ní "milli" ti sọ ọ̀rọ̀ di ìlọ́po ẹgbẹ̀rún. Ká ní ìròyìn sọ pé ẹ̀rọ ka microsievert 0.12 ní wákàtí kan. Ẹ fi 24 sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ tún fi 365 sọ èsì rẹ̀ di púpọ̀, ẹ ó rí nǹkan bíi 1,050, ìyẹn millisievert 1 àti díẹ̀ lọ́dún. Láìsí ìjàm̀bá kankan, ìpíndọ́gba ohun tí ènìyàn ń gbà lọ́dọọdún káàkiri àgbáyé láti inú ilẹ̀, afẹ́fẹ́, oúnjẹ àti ojú ọ̀run jẹ́ millisievert 2.4. Bí wọ́n bá sì kọ "cpm", iye ìgbà tí ẹ̀rọ dún ní ìṣẹ́jú kan nìyẹn, ẹ̀rọ kan kì í sì í dún bí èkejì.

Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Ní oṣù Kejì ọdún 2017, ìròyìn gbòde pé sievert 530 ní wákàtí kan ló wà ní Fukushima, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì rò pé ìjàm̀bá náà ti tún bẹ̀rẹ̀. Wọn kò pa irọ́, ṣùgbọ́n inú ìkarahun irin tó yí ẹ̀rọ núkílíà kejì ti iléeṣẹ́ náà ká ni wọ́n ti fojú díwọ̀n rẹ̀, níbi tí kámẹ́rà wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ibi tí wọ́n wò ló yí padà, kì í ṣe afẹ́fẹ́ ìlú.

Ẹ tún béèrè ohun tí ẹ̀rọ ń kà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí pé ilẹ̀ oníyanrìn bíi tiwa kì í sábà kà tó ilẹ̀ olókùúta, agbègbè Jos sì ní èyí tó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ nítorí erùpẹ̀ tí ìwakùsà tánńganran fi sílẹ̀. Òjò pàápàá máa ń tan ènìyàn jẹ. Ẹni tó bá gbé ẹ̀rọ jáde lẹ́yìn òjò ńlá ní Ẹ̀pẹ́ lè rí i pé òǹkà gòkè, kó sì gbà pé ìkùukùu gbé májèlé wá láti òkè òkun. Gáàsì kan wà tí wọ́n ń pè ní radon, tó ń ti inú ilẹ̀ jáde níbi gbogbo. Àwọn èròjà tó ń yí dà sí nínú afẹ́fẹ́ ni òjò fọ̀ sílẹ̀, láàárín wákàtí mélòó kan, agbára wọn á ti tán. Nítorí náà, ẹ wọ̀n ọ́n kí òjò tó rọ̀ àti lẹ́yìn tó bá dá, kí ẹ tún padà wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ kejì, ní ojú ibi kan náà, ní nǹkan bíi mítà kan sí ilẹ̀, kí ẹ sì kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Ìgbà tí nǹkan kan kò tíì ṣẹlẹ̀ ló dára jù láti bẹ̀rẹ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Ní ti ẹja gan-an, ẹ má ṣe fi owó yín ra ẹ̀rọ Geiger kékeré, ìyẹn ẹ̀rọ àfọwọ́gbé tó ń ka ìtànṣán, nítorí rẹ̀. Bí ẹ bá gbé e lé páálí títùs nínú kóòlù rúùmù, ìtànṣán ara ògiri àti ti ilẹ̀ ni yóò máa kà. Becquerel 100 nínú kílò kan, tó jẹ́ òdiwọ̀n tí Jàpáànù fi lélẹ̀ fún caesium, èròjà olóró kan tí ìjàm̀bá núkílíà ń tú jáde, nínú ọ̀pọ̀ oúnjẹ láti oṣù Kẹrin ọdún 2012, kéré jù fún un láti dá mọ̀. Ní yàrá àyẹ̀wò, wọn á lọ ẹja náà, wọn á gbé e sínú àpótí tí wọ́n fi òjé yí ká, wọn á sì fi í sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ kí ẹ̀rọ lè sọ èròjà tó wà níbẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìwé irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó kó ẹja wọlé, kí ó ní ọjọ́, kí ó ní orúkọ òkun tí wọ́n ti pa ẹja, kí ó sì ya caesium-134 sọ́tọ̀ kúrò lára caesium-137. Bí ẹ bá rí potassium-40 nínú rẹ̀, ẹ má jáyà. Inú ẹja àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ti wà látilẹ̀wá. Iodine-131, èròjà olóró mìíràn tí ìjàm̀bá ń tú jáde, kì í dúró pẹ́: ní gbogbo ọjọ́ 8, ìdajì rẹ̀ á ti lọ, tí ẹja bá sì ti wà nínú yìnyín fún ọjọ́ 80, ohun tó ṣẹ́ kù kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún. Caesium-137 ní tirẹ̀ ń lo ọdún 30 kí ìdajì rẹ̀ tó lọ, òun sì ni kí ẹ máa bi wọ́n léèrè.

Bí ìwé kò bá sí, kí ẹgbẹ́ ọlọ́jà kọ lẹ́tà sí NAFDAC nípa oúnjẹ, àti sí àjọ NNRA tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ núkílíà ní Nàìjíríà. Kò sí ohun tuntun nínú kí ará ìlú béèrè: nígbà tí Faransé dán bọ́ǹbù átọ́míìkì wò ní aṣálẹ̀ Sahara ní ọdún 1960, Nàìjíríà figbe ta, ó sì já àjọṣe rẹ̀ pẹ̀lú wọn ní ọdún tó tẹ̀ lé e.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jẹ iyọ̀ nítorí ìbẹ̀rù. Ní ọdún 2011, àwọn ará Ṣáínà ra iyọ̀ tán nílé ìtajà nítorí wọ́n rò pé iodine inú rẹ̀ á dáàbò bò wọ́n lọ́wọ́ ìtànṣán, àwa náà kò sì tíì gbàgbé omi iyọ̀ ìgbà Ebola ní ọdún 2014. Ọ̀pọ̀ kílò iyọ̀ ni ènìyàn yóò jẹ kó tó rí iodine tó wà nínú hóró oògùn iodine kan ṣoṣo, iyọ̀ náà á sì ti pa á kó tó dé ìdajì. Oògùn iodine fúnra rẹ̀ kò wúlò fún caesium. Àwọn tó wà nítòsí ìjàm̀bá ni wọ́n ń fún, nígbà tí ìjọba ibẹ̀ bá sọ pé kí wọ́n lò ó. Bí ẹnikẹ́ni nínú ilé bá ti mu omi iyọ̀ púpọ̀, tí ó ń bì tàbí tí orí rẹ̀ ń dàrú, ẹ má dúró de àgbo, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì sọ iye tó mu fún dókítà.