Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Lọ́wọ́ Àwọn Tí Ń Ra Àwo Tuntun Àwọn Àgbà Ẹgbẹ́ Olórin Metal

Nínú yàrá tí mo ti ń kọ́ àwọn ènìyàn ní gìtá ní Kubwa, kò sí ohun tí ó ń bí mi nínú tó kí ọ̀dọ́ kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba owó oṣù gbé àwo tuntun ẹgbẹ́ olórin kan tí ó ti wà láti ọdún 1970 tàbí 1980 wọlé, kí ó máa yìn ín láìsinmi, kí n wá bi í léèrè orin tí ó fẹ́ràn jù nínú rẹ̀, kí ó má lè dárúkọ ẹyọ kan. Àwa Yorùbá tí a ń gbọ́ orin metal, orin gìtá tí ó wúwo tí ó sì ń pariwo, ní Àbújá, ní Kàdúná àti ní Jos kò pọ̀. Owó tí a fi ń ra àwo láti òkè òkun kì í sì í ṣe owó kékeré, nítorí pé dọ́là ni a fi ń san án, owó ìfiránṣẹ́ sì tún ń gun orí rẹ̀. Ẹni tí ó ti mọ Black Sabbath, Iron Maiden, Judas Priest àti Metallica ni mò ń bá sọ̀rọ̀, nítorí náà n kò ní tún máa ṣàlàyé ẹni tí wọ́n jẹ́. Ìgbàgbọ́ mi ni pé orúkọ tí ó wà lára páálí ni ó ń gba púpọ̀ nínú ìyìn tí a ń fún àwọn àwo ọjọ́ alẹ́ wọn, àti pé díẹ̀ nínú àwọn àwo náà yẹ fún ìyìn ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ. Ẹni tí kò bá fi etí ara rẹ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀ yóò ná owó sórí èyí tí kò yẹ, yóò sì fo èyí tí ó yẹ dá.

Àṣìṣe kìíní ni kí a máa kí àwo orin bí ẹni ń kí àgbà. Ilé tí a ti tọ́ wa ni a ti kọ́ ìyẹn, ó sì dára ní ilé àti ní òde ìnáwó, ṣùgbọ́n ó ń dí wa létí níwájú ẹ̀rọ ohùn. Ẹ wo àwo 13 tí Black Sabbath gbé jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2013. Òun ni àkọ́kọ́ tí Ozzy Osbourne, akọrin wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, bá wọn ṣe nínú sítúdíò láti ìgbà Never Say Die! ní 1978. Tony Iommi, onígìtá wọn, tí ó jẹ́ ẹni ọdún 65 nígbà tí àwo náà jáde, ń bá àrùn jẹjẹrẹ jà nígbà tí iṣẹ́ náà ń lọ lọ́wọ́. Àwo náà gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìtàn ẹgbẹ́ náà, ó sì gba ipò kìíní ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí wọn kò tíì rí láti ìgbà Paranoid ní 1970. Mo mọ ìdí tí ènìyàn fi lè fẹ́ràn irú ìtàn bẹ́ẹ̀, èmi náà bá wọn yọ̀. Síbẹ̀, ẹ gbọ́ orin tí ó ṣáájú nínú rẹ̀, bí ó ṣe ń wọ́ ẹsẹ̀ kí ó tó sáré, ẹ ó rí i pé ọ̀nà orin àkọ́kọ́ inú àwo wọn àkọ́kọ́, Black Sabbath ti 1970, ni ó ń tọ̀. Ẹ gbọ́ “Zeitgeist”, ẹ ó rí “Planet Caravan” inú Paranoid tí ó tún padà wá. Bill Ward, onílù wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì sí níbẹ̀. Brad Wilk ni ó lu ìlù, ó sì lù ú dáadáa, ṣùgbọ́n ìlù Ward ní ìfìdíyíyí kan tí ó kọ́ lára orin jáàsì, òun ni ó ń jẹ́ kí gìtá Iommi tí ó wúwo lè jó. Ìlù tí ó wà nínú 13 ń lọ tààrà láìyí ìdí. Àwo tí ó ń rán ni létí àwo mìíràn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ti sọ fún wa fúnra rẹ̀ èyí tí ó yẹ kí a lọ rà.

Àwọn kan máa ń dá mi lóhùn pé n kò lè retí kí ẹni ọdún 65 máa ṣe bí ọmọ ogún ọdún. N kò retí rẹ̀. Ohun tí mo ń retí ni kí ó ṣe ohun tí ẹni ọdún 65 mọ̀, tí ọmọ ogún ọdún kò tíì lè mọ̀.

Àṣìṣe kejì ni kí a máa fi ẹ̀bùn Grammy ṣe ẹ̀rí. Ní 1989, nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ẹ̀bùn lélẹ̀ fún irú orin yìí, Jethro Tull, ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì tí kì í ṣe ti metal, ni wọ́n gbé e fún, nígbà tí Metallica jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ...And Justice for All. Àwọn tí wọ́n wá fún Black Sabbath ní ọ̀kan ní 2014 nítorí “God Is Dead?”, tí wọ́n sì fún Metallica ní ọ̀kan ní 2024 nítorí “72 Seasons”, kò sọ ohunkóhun fún etí yín.

Àṣìṣe kẹta ni kí a ra àpótí ńlá kí a tó gbọ́ orin. Ọ̀kan nínú àwọn tí mo ń kọ́, òṣìṣẹ́ ìjọba tí owó rẹ̀ kò pọ̀, gbọ́ orin kan ṣoṣo tí ẹgbẹ́ kan kọ́kọ́ tú síta, ó sì fi káàdì dọ́là paṣẹ fún àpótí tí ó ní àwo ńlá méjì, ìwé àwòrán àti aṣọ. Kí ẹrù náà tó dé Àbújá, owó ìfiránṣẹ́ àti owó kọ́sítọ́ọ̀mù ti ju owó àwo fúnra rẹ̀ lọ, kò sì ní giramafóònù tí yóò gbé e sí. Orin tí ó gbọ́ yẹn ni ó dára jù nínú gbogbo rẹ̀, ó sì yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé orin tí ó lágbára jù ni àwọn tí ń ta àwo máa ń rán ṣáájú. Odidi àwo wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ tí ó bá jáde. Ẹ gbọ́ ọ tán, ẹ fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tún un gbọ́, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó ronú owó.

Àṣìṣe kẹrin ni ó ń dùn mí jù lọ, n óò sì sọ ọ́ dé ìdí. Òun ni kí a máa rò pé àwo tí ó gùn ni àwo tí ó níye lórí. Ẹ wo àwọn àwo tí gbogbo àwa onígìtá fi kọ́ṣẹ́. Paranoid kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 42 lọ. British Steel tí Judas Priest ṣe ní 1980 kò ju nǹkan bí 36 lọ. Reign in Blood tí Slayer ṣe ní 1986 kò tilẹ̀ pé 30. Àwo ńlá ni ó fà á. Ojú kan rẹ̀ kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 sí 22 lọ kí ohùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, nítorí pé bí orin bá ti ń pọ̀ sí i ni ipa tí abẹ́rẹ́ ń tọ̀ ń há sí i, ohùn a máa lọ sílẹ̀, báàsì a sì máa tín-ín-rín. Ẹgbẹ́ tí ó bá ní orin mẹ́rìnlá ní láti jókòó, kí wọ́n jà, kí wọ́n sì yọ mẹ́fà kúrò. Nígbà tí síídì dé, àyè di ìṣẹ́jú 74, ó tún fẹ̀ dé 80. Ní ayé íntánẹ́ẹ̀tì tí a wà yìí, kò sí ògiri kankan mọ́.

Ẹ wá wo ohun tí àwọn àgbà ṣe pẹ̀lú àyè náà. Hardwired... to Self-Destruct tí Metallica gbé jáde ní 2016 gba síídì méjì àti ìṣẹ́jú 77. 72 Seasons ti 2023 tún gba 77. The Book of Souls tí Iron Maiden gbé jáde ní 2015 gba 92, Senjutsu ti 2021 sì gba 82. Orin mẹ́ta tí ó kẹ́yìn Senjutsu, tí Steve Harris, oníbáàsì wọn, nìkan kọ, ju ìṣẹ́jú 34 lọ láàárín ara wọn, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó odidi British Steel. “Hell on Earth” tí ó kẹ́yìn wọn dára dé ibi tí ó fi lè mú ènìyàn sunkún, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò bá dé ibẹ̀ ní láti kọ́kọ́ la méjì mìíràn kọjá, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gìtá jẹ́jẹ́ kan náà, tí ó sì ń tún gbólóhùn kan náà sọ títí tí etí yóò fi rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé mo kórìíra orin gígùn. Ilé tí a ti ń gbọ́ jùjú ni mo ti dàgbà, mo sì mọ̀ pé ní àwọn ọdún 1970, Ebenezer Obey àti King Sunny Adé a máa fi orin tí kò dúró kún odidi ojú àwo kan, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní sú. Ìdí ni pé orin náà ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìgbà. Dùndún ń pe orúkọ, gìtá ń dáhùn, a ń ki ẹnìkan tẹ̀ lé ẹnìkan, àwọn tí ń jó sì wà lójú agbo. Orin metal kò rí bẹ́ẹ̀. Gbólóhùn gìtá ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, ìyẹn ìlà kékeré tí ó wúwo, tí ó ń padà wá. Irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ a máa kọlu ni, a sì máa kúrò. Bí ẹ bá tún un ṣe ní ìgbà mẹ́jọ níbi tí mẹ́rin ti tó, agbára rẹ̀ ń dínkù ni. Bruce Dickinson, akọrin Iron Maiden, mọ èyí nígbà tí ó kọ “Empire of the Clouds”, tí ó gba ìṣẹ́jú 18 nínú The Book of Souls. Dùùrù ni ó fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìtàn ọkọ̀ òfuurufú R101 tí ó já ní ilẹ̀ Faransé ní oṣù kẹwàá ọdún 1930, tí ènìyàn 48 kú sínú rẹ̀, ni ó sì ń sọ. Gbogbo ìyípadà inú orin náà ni ìtàn ń béèrè fún. “Inamorata” tí Metallica fi parí 72 Seasons náà gba ìṣẹ́jú 11, mo sì fọwọ́ sí gbogbo rẹ̀, pàápàá ibi tí ìlù dákẹ́ tí báàsì nìkan ń rìn. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé àwọn tí ó yìn ín kò tíì gbọ́ ọ dé ibẹ̀, nítorí pé ó ti rẹ̀ wọ́n láàárín ọ̀nà.

Mo tún ń gba ohùn sílẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ akọrin ìjọ ní Gwarinpa àti Nyanya, mo sì lè sọ fún yín pé kò sí iṣẹ́ tí ó nira nínú sítúdíò tó yíyọ nǹkan kúrò. Ẹgbẹ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ ní ẹni tí yóò sọ fún wọn pé ó tó. Ẹni tí ó ti ta àwo fún ogójì ọdún, tí owó ara rẹ̀ ni ó ń ná, ta ni yóò dúró níwájú rẹ̀ kí ó sọ pé ẹsẹ̀ kẹta yẹn kò wúlò? Nítorí náà, ẹ yọ ọ́ fúnra yín. Ẹ mú ogójì ìṣẹ́jú tí ó dára jù nínú 72 Seasons, ẹ tò wọ́n bí ẹ ti fẹ́, ẹ ó rí i pé àwo gidi kan wà nínú rẹ̀.

Ariwo náà wà níbẹ̀. Nígbà tí Metallica gbé Death Magnetic jáde ní 2008, wọ́n tẹ ohùn rẹ̀ mọ́ òkè débi pé ìlù àti gìtá ń fọ́, tí èyí tí ó yẹ kí ó jẹ́jẹ́ àti èyí tí ó yẹ kí ó pariwo wá wà ní ipele kan náà. Àwọn olólùfẹ́ wọn ni ó ṣàkíyèsí pé èyí tí wọ́n fi sínú eré fídíò Guitar Hero mọ́ ju èyí tí wọ́n tà lọ. Ọmọkùnrin kan tí ó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi gbé ẹ̀rọ ohùn rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ atúnṣe ní Wuse nítorí àwo yìí, wọ́n sì gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lórí ohun tí kò bàjẹ́. Kí ẹ tó fẹ̀sùn kan ẹ̀rọ yín, ẹ fi àwo 1986 kan dán an wò.

Ẹ má ṣe fi St. Anger tí Metallica ṣe ní 2003 bẹ̀rẹ̀. Kò sí ibì kan nínú rẹ̀ tí gìtá ti dá sọ̀rọ̀.

Ẹ má ṣe fi fóònù nìkan dá ẹjọ́ ìlù.

Ó tún ku àwọn tí ó gba apá kejì lọ, tí wọ́n ń búra pé kò sí ohun rere kan láti 1991. Àwọn yìí náà ń fi owó ṣòfò, nítorí pé wọ́n ń ra àwo àtijọ́ kan náà lẹ́ẹ̀kẹta lábẹ́ páálí tuntun nígbà tí Firepower ti Judas Priest wà níbẹ̀ láti 2018. Ọmọ ọdún 66 ni Rob Halford, akọrin wọn, nígbà náà. Glenn Tipton, onígìtá wọn, ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde pé àrùn Parkinson ń bá òun jà. Richie Faulkner, onígìtá tí ó wọ ẹgbẹ́ náà ní 2011, mú iná tuntun wọlé, Tom Allom tí ó darí British Steel sì padà wá darí iṣẹ́ náà pẹ̀lú Andy Sneap. Kò sí orin kan nínú rẹ̀ tí ó pé ìṣẹ́jú mẹ́fà. Mo gbà pé orin mẹ́rìnlá pọ̀ díẹ̀, ǹ bá yọ méjì. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí Halford ṣe ń lo ìsàlẹ̀ ohùn rẹ̀, tí ó fi igbe ìgbà Painkiller, àwo wọn ti 1990, pamọ́ fún ibi tí ó yẹ nìkan. Ohun tí àgbà mọ̀ tí ọmọdé kò mọ̀ nìyẹn. Surgical Steel tí Carcass gbé jáde ní 2013, lẹ́yìn ọdún 17 láìsí àwo orin tuntun kankan, yẹ fún irú ìyìn bẹ́ẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Bad Magic tí Motörhead gbé jáde ní 2015, ní oṣù díẹ̀ kí Lemmy, akọrin wọn, tó kú. Ohùn rẹ̀ ti rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn orin náà kò fi àkókò ẹnikẹ́ni ṣòfò.

Àṣìṣe mìíràn ni pé a kì í wo ohun tí àwọn tí ó ni orin ń ṣe lórí pèpéle. Nígbà tí Iron Maiden bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò àádọ́ta ọdún wọn ní 2025, àwọn orin tí wọ́n ṣe láàárín 1980 àti 1992 nìkan ni wọ́n mú dání. Nígbà tí Black Sabbath ṣe eré ìdágbére wọn ní Birmingham ní oṣù kejì 2017, wọn kò fọwọ́ kan orin kankan láti inú 13. Nígbà tí wọ́n sì tún pàdé ní Villa Park ní ọjọ́ karùn-ún oṣù keje 2025, pẹ̀lú Bill Ward ní ìdí ìlù, orin mẹ́rin ni wọ́n kọ, láti inú àwọn àwo 1970 ni gbogbo wọn sì ti wá. Judas Priest, ní tiwọn, fi “Panic Attack” láti inú Invincible Shield ṣí eré wọn ní 2024, ọdún tí àwo náà jáde gan-an. Kí ẹ tó fi dọ́là ránṣẹ́, ẹ wá àkọsílẹ̀ orin tí ẹgbẹ́ náà ṣe lórí pèpéle lọ́dún yẹn, ẹ sì ka iye tí ó ti inú àwo tuntun wá.