Bí Mo Ṣe Ń Ra Àwo Rọ́ọ̀kì Gáréèjì Láti Kubwa

Ní ọjà Panteka, ní Kaduna, ni mo ti rí àwo tó fà mí wọnú ọ̀rọ̀ yìí. Ìsàlẹ̀ páálí kan ló wà, láàárín rédíò tó ti kú àti apá fáànù. "Nawa ne?" ni mo bi Alhaji tó ni ìsọ̀. Ó ní kí n mú ₦500 wá. Àwo kékeré oní-íǹṣì méje ni, ti iléeṣẹ́ Decca, tí ẹgbẹ́ Them láti Belfast ní Northern Ireland gbé jáde ní 1964. "Baby, Please Don't Go" wà lójú kìíní, "Gloria" wà lójú kejì. Òun náà ni mo fi ń kọ́ ẹni tó bá bi mí pé báwo ni wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwo rọ́ọ̀kì gáréèjì jọ.

Gáréèjì tí mò ń wí kì í ṣe ibi tí a ti ń wọkọ̀ o. Ibi tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń gbé ọkọ̀ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ni, níbi tí àwọn ọmọ tí kò tíì pé ogún ọdún ti ń fi gìtá àti ìlù dánra wò. Ọ̀pọ̀ wọn kò ṣe ju àwo kan tàbí méjì lọ. Iléeṣẹ́ kéékèèké àdúgbò ló tẹ̀ wọ́n jáde, ìwọ̀nba díẹ̀ sì ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣọ̀wọ́n.

Ẹ má kọ́kọ́ náwó lórí èyí tó ṣọ̀wọ́n. Ẹ mú orin kan ṣoṣo, kí ẹ tọpa rẹ̀ lọ sẹ́yìn, orí fóònù yín lásán ti tó fún ìyẹn. Ojú kìíní àwo mi, Big Joe Williams ọmọ Mississippi ló ṣe é ní Chicago ní 1935, fún iléeṣẹ́ Bluebird. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo dá a dúró, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Gòjé olókùn kan ló ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ gìtá, pẹ̀lú pákó ìfọṣọ tí wọ́n ń họ bíi ìgbà tí wọ́n ń mi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Gòjé! Irú èyí tí wọ́n ń ta níbi ìgbéyàwó àwọn aládùúgbò wa ní Tudun Wada nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí bàbá mi ń ṣiṣẹ́ rélùwéè. Mi ò sọ pé ibí ni wọ́n ti mú un lọ. Etí mi ló dá ohùn náà mọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbọ́ ti Muddy Waters ti 1953, tó ti ń lo gìtá oníná mànàmáná. Kí ẹ wá gbọ́ ti Them, kí ẹ sì fi ti Amboy Dukes láti Detroit kádìí rẹ̀. Ti Amboy Dukes yìí wà nínú Nuggets, àkójọ orin 27 tí Lenny Kaye ṣe fún Elektra ní 1972. Ẹ gbọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Ẹni tó bá ṣe èyí, owó rẹ̀ kì í bọ́ sọ́wọ́ ẹlẹ́tàn bọ̀rọ̀, nítorí ó ti mọ ohun tó ń wá.

Ẹ tún yí àwo padà. Van Morrison ti ẹgbẹ́ Them ló kọ "Gloria", ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ kan ní ẹ̀gbẹ́ Chicago, Shadows of Knight, ló sọ ọ́ di orin ìgboro ní Amẹ́ríkà ní 1966, lẹ́yìn tí wọ́n yí ìlà kan tí àwọn iléeṣẹ́ rédíò kò fẹ́. Orin Chicago dé Belfast, èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì padà sí Chicago.

Orúkọ iléeṣẹ́ ni kí ẹ wò lẹ́yìn náà. "Louie Louie" tí Richard Berry gbé jáde ní 1957, ẹgbẹ́ Kingsmen tún un ṣe ní 1963: Jerden ló kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, kó tó bọ́ sọ́wọ́ Wand. "96 Tears" wà lórí Pa-Go-Go kó tó dé Cameo. Ti iléeṣẹ́ kékeré yẹn ló máa ń wọ́n. "Hey Joe", orin tí Billy Roberts, ọ̀kan nínú àwọn onígìtá tó ń kọ orin ìbílẹ̀ wọn, fi orúkọ sílẹ̀ fún ní 1962, ẹgbẹ́ Leaves gbé e jáde ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, iléeṣẹ́ Mira ló tẹ gbogbo rẹ̀. Èyí tó lókìkí ní 1966 ni mo sanwó fún. Èyí tó ṣáájú rẹ̀ ni ẹni tó tà á fi ránṣẹ́. Ó dùn mí gan-an. Láti ìgbà náà, mo máa ń ní kí wọ́n ya fọ́tò nọ́ńbà tí wọ́n họ sí etí ààrin àwo, níbi tí orin ti parí, kí n tó sanwó.

Ọyẹ́ ni ọ̀tá àwo lọ́dọ̀ wa. Atẹ́gùn gbígbẹ yẹn ń mú kí àwo máa fa eruku mọ́ra, bí ẹ bá sì fi aṣọ gbígbẹ nù ún, ńṣe lẹ ń fi eruku họ orin. Ẹ ra omi mímọ́ tí wọ́n ń bù sí bátìrì ọkọ̀ (ẹ bèèrè dáadáa, kó má jẹ́ ásíìdì), ẹ kán ọṣẹ olómi ìfọbọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ fi aṣọ múlọ́múlọ́ nù ún yíká bí ìlà orin ṣe lọ. Ẹ má jẹ́ kí omi kan bébà ààrin. Ẹ fi omi mímọ́ nìkan ṣan án. Spírítì kò gbọ́dọ̀ kan àwo 78 àtijọ́ (èyí tó ń yí ní ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan) rárá. Ní oṣù kẹta, ẹ má fi àwo sílẹ̀ nínú ọkọ̀, kódà fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìnàró ni kí ẹ tò ó sínú ilé.

Ẹ jẹ́ kó gbẹ tán kí ẹ tó gbé abẹ́rẹ́ lé e. Ojú kejì ni èmi máa ń fi bẹ̀rẹ̀.