Àṣìṣe Tí Ẹ̀yin Obìnrin Ń Ṣe Lórí Ṣòkòtò Péńpé, Tó Ń Jẹ Yín Lówó

Oṣù Kejì kì í tíì dé ìdajì tí àwọn oníbàárà á ti máa wọlé wá bá mi pẹ̀lú ọ̀rá lọ́wọ́. Ohun tó wà nínú ọ̀rá náà kì í yẹ̀: ṣòkòtò péńpé tí wọ́n rà tí wọn ò lè wọ̀. Òmíràn kò kọjá itan. Òmíràn kọjá itan, ó kọjá ìdí, ó wá ṣí gbayawu lẹ́yìn ìbàdí. Òmíràn ń gun itan bọ̀ bí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá ṣe ń gbẹ́sẹ̀. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún un ṣe." Nígbà mìíràn mo máa ń rí i tún ṣe. Lọ́pọ̀ ìgbà kò ṣeé ṣe, torí abẹ́rẹ́ kì í bí aṣọ. Owó ti lọ nìyẹn, wọ́n á sì tún padà sínú jíǹsì gígùn nínú ooru Ìbàdàn tó ń mú wọn láàgùn láti àárọ̀.

Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ránṣọ. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé bí ṣòkòtò kò bá ti bá wọn mu, ara wọn ni wọ́n máa ń bú. "Ìdí mi ti pọ̀ jù." "Itan mi ò dáa." Irọ́ ni. Kò sí ohun tó ṣe ìdí yín. Ẹni tó gé ṣòkòtò ni kò gé e fún yín, ẹ̀yin náà ò sì wo ohun tó yẹ kí ẹ wò kí ẹ tó sanwó. Mi ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń wọn ìbàdí, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ohun tí kò yẹ kí ẹ máa ṣe ni mo fẹ́ sọ.

Èkíní, ẹ má ra nọ́ńbà. Ìwọ̀n 12 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 8 ni l'Amẹ́ríkà. 16 ti Gẹ̀ẹ́sì, 12 ni ti Amẹ́ríkà. Nídìí òkìríkà, gbogbo wọn ló dà pọ̀ sínú òkìtì kan. Obìnrin á rí 12, á ní òun ti mọ nọ́ńbà òun, á sanwó, á sì gbé ti Amẹ́ríkà lọ sílé. Ẹ mú téèpù dání lọ sọ́jà. Ẹ tẹ́ ṣòkòtò náà sílẹ̀, ẹ wọn ibi tó fẹ̀ jù ní ìdí rẹ̀, ẹ sọ iye tí ẹ bá rí di ìlọ́po méjì. Bí ìdí yín bá jẹ́ íńṣì 42, tí aṣọ náà kì í sì í fà, kí ó tó 44. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ dá a padà sórí òkìtì, bó ti wù kó dára tó.

Èkejì, ẹ má ra èyí tó fún yín torí pé ẹ fẹ́ fọn.

Ẹ̀kẹta ni flap, ibẹ̀ gan-an ni mo ń bọ̀. Flap ni àwa aránṣọ ń pe ìwọ̀n láti ìbàdí wá sí abẹ́, níbi tí ẹsẹ̀ ṣòkòtò méjèèjì ti pínyà. Òun ló ń pinnu bóyá ẹ máa gbádùn ṣòkòtò tàbí ẹ máa fà á sókè fà á sílẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọ̀pọ̀ obìnrin mọ ìwọ̀n ìbàdí, wọ́n mọ ti ìdí, wọ́n mọ gígùn. Ẹ bi wọ́n ní flap, wọ́n á máa wò yín. Àwọn aránṣọ kan gan-an kì í wọ̀n ọ́n, wọ́n á ní àwọn á fojú dá a. Báwo lẹ ṣe fẹ́ fojú dá ibi tí ojú kì í dé?

Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2022, ooru ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọjá ìwọ̀n 40 ti Celsius, irú èyí tí wọn ò rí níbẹ̀ rí. Oníbàárà mi kan tó ń gbé ní London pè mí lọ́sẹ̀ yẹn, ó ní bí ẹni pé inú ààrò làwọn wà. Ó fẹ́ ṣòkòtò péńpé aláǹkárá márùn-ún, fún òun àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀, kí ooru ọdún kejì tó dé. Wọ́n fi ìwọ̀n ránṣẹ́ lórí WhatsApp: ìbàdí, ìdí, itan, gígùn. Mo béèrè flap. Wọ́n wọ̀n ọ́n lórí ìdúró, wọ́n kọ ọ́ ránṣẹ́, mo sì gbà á bẹ́ẹ̀. Mo gé márààrún, mo rán an, mo lọ̀ ọ́, mo fi ránṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń rìnrìn àjò.

Fọ́tò àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ dùn ún wò. Orí ìdúró ni gbogbo wọn wà. Nígbà tí wọ́n wá wọ bọ́ọ̀sì tí wọ́n jókòó, ọ̀rọ̀ yí padà. Mẹ́rin nínú márùn-ún ló ń gé wọn lábẹ́. Ẹ̀yìn ṣòkòtò ń sọ̀ kalẹ̀ títí pátá fi ń yọ, ìkan sì ya ní ojú rírán kí olówó ẹ̀ tó délé. Èmi ni mo jẹ̀bi. Mo mọ̀ pé ìjókòó là ń wọn flap, mo sì fojú fo ó torí pé ọ̀nà jìn. Owó àǹkárá, owó iṣẹ́ àti owó ẹrù, gbogbo ẹ̀ ló wọgbó. Mo tún un rán láìgba kọ́bọ̀. Látọjọ́ náà, ẹni tó bá fi ìwọ̀n ṣòkòtò ránṣẹ́ sí mi láìsí flap ìjókòó, mi ò ní ki sísọ́ọ̀sì bọ aṣọ ẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa wọ̀n ọ́n rèé. Ẹ so okùn mọ́ ìbàdí, níbi tí ẹ bá fẹ́ kí báǹdì ṣòkòtò wà gan-an. Ẹ jókòó sórí àga onígi, kì í ṣe èyí tó ní tìmùtìmù, ẹ na ẹ̀yìn. Kí ẹlòmíràn wọ̀n ọ́n láti ibi okùn, ní ẹ̀gbẹ́, títí kan ojú àga. Bó bá jẹ́ íńṣì 11, ẹ fi ẹyọ kan kún un, ó di 12. Bí ìdí àti itan yín bá kún, ẹ fi ọ̀kan àti ààbọ̀ kún un. Lẹ́yìn náà, ẹ dìde, ẹ fa téèpù láti ibi okùn níwájú, kó gba abẹ́ kọjá, kó dé okùn lẹ́yìn. Ká ní ó jẹ́ 31. Ẹ má pín in dọ́gba! Onídìí ńlá lè nílò 18 lẹ́yìn àti 13 níwájú. Ẹni tí ikùn rẹ̀ yọ síwájú, tí ìdí rẹ̀ sì tẹ́, tirẹ̀ lè jẹ́ 16 lẹ́yìn àti 15 níwájú. Ìwọ̀n 31 kan náà ni o, ara méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìdí nìyí tí ṣòkòtò ẹ̀gbọ́n yín fi lè bá yín mu ní ìbàdí kó sì máa fìyà jẹ yín lábẹ́.

Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ti rán tẹ́lẹ̀ lẹ fẹ́ rà, ẹ wọ̀ ọ́, kí ẹ wo dígí. Bí ẹ bá rí ilà tó dùbúlẹ̀ láti abẹ́ lọ sí ìdí, mẹ́ta lápá ọ̀tún, mẹ́ta lápá òsì, bí àbàjà, flap ti kúrú. Ẹ bọ́ ọ. Aránṣọ kankan ò lè fi aṣọ tí kò sí kún un. Bó bá jẹ́ pé aṣọ ló wú sílẹ̀ lábẹ́ ìdí, tó rọ̀ wìwà, flap ti gùn jù nìyẹn. Ìyẹn ṣeé dín kù láti ibi báǹdì, ẹ lè rà á.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ ìṣẹ́tí. Ibi tí ìṣẹ́tí bá parí sí ni ojú ẹni tó ń wò yín máa ń lọ. Bó bá parí síbi tí itan yín ti fẹ̀ jù, ìbú itan náà ni wọ́n máa rí. Ẹ gbé e sókè díẹ̀ tàbí kí ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ síbi tí itan ti ń tín-ín-rín bọ̀ wá sí orúnkún. Ẹ má fi fọ́tò ọmọge tí ẹ rí lórí fóònù wọ̀n ọ́n. Ìró ni kí ẹ lò. Ẹ ró o mọ́ ìbàdí, ẹ dúró síwájú dígí, ẹ máa ká a sókè díẹ̀díẹ̀. Ẹ ó rí ibì kan tí ẹsẹ̀ yín á ṣàdédé dára lójú yín. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n láti abẹ́. Ní ṣọ́ọ̀bù mi, íńṣì 5 sí 7 ló máa ń jẹ́ fún ọ̀pọ̀ obìnrin. Àwọn tí itan wọn máa ń fi ara gbora títí á fi bó, 7 ni kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, kí ẹnu ẹsẹ̀ ṣòkòtò náà sì fi íńṣì 2 ju itan wọn lórí ìjókòó lọ. Ẹsẹ̀ tó fún tó sì kúrú ló ń ká sókè láàárín itan. Kì í ṣe itan ló fà á.

Ẹni kúkúrú kì í wọ èyí tó dé orúnkún gan-an, ó máa ń gé ẹsẹ̀ ẹ̀ sí méjì. Ìṣẹ́tí tí wọ́n ká síta kò yẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀ náà.

Onídìí ńlá tí ìbàdí rẹ̀ tín-ín-rín, ìdí ni kó rà fún, kó gbé ìbàdí wá fún aránṣọ. Kó má fi bẹ́líìtì há a. Bẹ́líìtì á kó aṣọ jọ sẹ́yìn bí ọ̀rá tí wọ́n fi okùn dì. Dáàtì méjì lẹ́yìn, ìyẹn ibi tí a ti ṣẹ́ aṣọ po, tí a rán an kí ìbàdí lè fún, àti báǹdì tó tẹ̀ bí ìbàdí ṣe tẹ̀, ó parí. Kó sì wo àpò ẹ̀yìn: àpò kékeré tó jìnnà síra wọn lórí ìdí ńlá máa ń mú kí ìdí fẹ̀ sí i. Àpò tó lọ́mọrí ní ẹ̀gbẹ́ ìdí kì í ṣe tiẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ lọ gbọọrọ bí igi àgbọn ló ni ín, òun ló ni ìṣẹ́po níwájú, òun ló ni àǹkárá aláràbarà, kó máa kó o wọ̀.

Àwọn tí ikùn wọn yọ síwájú, ẹ dákun, ẹ yé ra èyí tó ń mú lábẹ́ ìdodo. Ikùn á dà lé e lórí, ṣòkòtò á sì máa sá wálẹ̀. Ẹ jẹ́ kí báǹdì gun ikùn kọjá, kí iwájú tẹ́jú láìní okùn dídì, kí rọ́bà wà lẹ́yìn nìkan, kí síìpù wà ní ẹ̀gbẹ́. Ìyá mẹ́ta ni mo rán irú ẹ̀ fún lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá, ìkan nínú wọn ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Ó wọ̀ ọ́, ó jókòó, ó dìde, ó tún jókòó. Ó ní láti ìgbà tóun ti bímọ kẹrin, òun ò tíì wọ ṣòkòtò tí òun kì í fa ikùn mọ́ra nínú ẹ̀. Inú mi dùn títí mo fi délé lọ́jọ́ náà.

Eléjìká gbàgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ nílò ẹsẹ̀ ṣòkòtò tó fẹ̀ díẹ̀, kí ìsàlẹ̀ lè bá òkè mu. Díẹ̀ ni mo wí. Bó bá fẹ̀ jù, ẹsẹ̀ á dà bí ọmọ odó nínú odó.

Àǹkárá ńkọ́? Ẹ rẹ ẹ́ sómi kí aránṣọ tó gé e, torí òwú máa ń súnkì ní fífọ̀ àkọ́kọ́. Ẹ sì bá aránṣọ yín jókòó kí ẹ jọ wo ibi tí àwòrán máa bọ́ sí. Mo ti gé àǹkárá olóbìírí ńlá kan rí láìwo ẹ̀yìn. Òbìírí kan bọ́ sórí ìdí ọ̀tún, èkejì bọ́ sórí ìdí òsì, wọ́n dọ́gba rẹ́gí. Oníbàárà náà wò ó, kò sọ nǹkan kan, omi lé ròrò sójú ẹ̀. Ọjọ́ ìbí ọmọ ẹ̀ ló fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ. Mo ra àǹkárá mìíràn fún un lọ́jọ́ náà. Kirépù tó ń tàn yẹn, ẹ fi sílẹ̀ di ìgbà òtútù. Ó máa ń dá ooru dúró sára. Òwú tàbí línẹ́nì ni kí ẹ wọ̀.

Ẹ̀yin àgùnbánirọ̀ tí ẹ ń wọ ṣòkòtò péńpé funfun ní bùdó, ẹ má wọ pátá funfun sábẹ́ ẹ̀. Funfun lábẹ́ funfun máa ń hàn. Èyí tó jọ àwọ̀ ara yín ni kí ẹ wọ̀.

Bí ẹ bá wá wọ̀ ọ́ wò lọ́dọ̀ aránṣọ, ẹ má kàn dúró síwájú dígí kí ẹ máa yí ìdí. Ẹ jókòó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ bí ẹni fẹ́ mú nǹkan nílẹ̀. Ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè tó ibi tí ẹ máa gbé e dé bí ẹ bá fẹ́ wọ dáńfó. Kí ẹ sì ní kó fi íńṣì 2 sílẹ̀ nínú ìṣẹ́tí, kó ká a sínú, kó má gé e dànù. Lọ́dún tó ń bọ̀, bí ẹ bá fẹ́ kó gùn díẹ̀ sí i, ẹ ó rí aṣọ tú.