Ọṣẹ tó ń làágùn: bí mo ṣe yanjú ẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ra sóòpù bésì, ìyẹn ọṣẹ tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀, tẹ́ ẹ̀ ń yọ́ ọ dà sínú móòdù nílé, tí ọṣẹ yín bá ń làágùn lásìkò òjò yìí, ẹ má tíì dà á nù o. Tèmi náà, bésì gilísárínì tó mọ́ gaara yẹn, bó ṣe ń kúrò nínú móòdù báyìí ló ń yọ omi wínníwínní lára bí ìgò mínírà tútù. Ọṣẹ ò bàjẹ́ rárá, gilísárínì inú ẹ̀ ló ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra.

Mi ò gbé e sí fíríìjì mọ́, orí tábìlì ló ti ń le, tó bá sì ti le tán kíá ni mo ti ń fi nylon tín-ín-rín wé e pinpin kí atẹ́gùn má ráyè wọlé. Èyí tó ti làágùn tẹ́lẹ̀, aṣọ gbígbẹ ni mo fi nù ún, mo gbé e síwájú fáànù kí n tó wé e. Bésì tí wọ́n kọ low sweat sí lára, ìyẹn èyí tí kì í fi bẹ́ẹ̀ làágùn, náà wà, owó ẹ̀ lè ga díẹ̀, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń tà á, ẹ rà á jàre.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi òrí tàbí òróró sínú bésì tẹ́ ẹ yọ́, síbí tíì kan sí ìdajì kílò bésì ti tó, tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ ọṣẹ á rọ̀, kò sì ní hó dáadáa. Ewé tútù tí wọ́n lọ̀ ńkọ́? Èmi ò fi sí i o, ó máa ń bu.