Nígbà tí mítà bá ní bọ́ọ̀dù yín ń jẹ iná ju bó ṣe yẹ lọ

Ìwé àlàyé ESP32, ìyẹn microcontroller (kọ̀ǹpútà kékeré inú ṣípù kan), sọ pé tí ṣípù náà bá wà nínú deep sleep (oorun wọra tó fi ń ṣọ́ iná lò), iná tí yóò máa jẹ ò ju nǹkan bíi 10 µA lọ (1,000 µA ló jẹ́ 1 mA). Ẹ kọ kóòdù, ẹ so mítà mọ́ bọ́ọ̀dù, mítà ní 8 mA. Ìlọ́po 800 nìyẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn á padà sídìí kóòdù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, wọ́n á máa tú u palẹ̀. Ẹ fi kóòdù sílẹ̀ ná. Ohun tí mítà yẹn ń wọ̀n gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ̀, torí lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ṣípù nìkan ló ń wọ̀n.

Ta ló ń jẹ iná náà?

Tí mítà bá wà lójú ọ̀nà 5 V tàbí lórí wáyà USB, gbogbo ohun tó wà lórí bọ́ọ̀dù lẹ̀ ń wọ̀n pọ̀. Regulator AMS1117 (ohun tó ń sọ 5 V di 3.3 V) tó wà lórí ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù ESP32 ń jẹ nǹkan bíi 5 mA fún ara rẹ̀, yálà ṣípù sùn tàbí kò sùn. LED pupa tó ń fi hàn pé iná ti dé, tí resistor 1 kΩ bá wà níwájú rẹ̀, ń jẹ nǹkan bíi 1.3 mA. Ṣípù tó ń bá USB sọ̀rọ̀ náà ò gbààwẹ̀. Ẹ ro wọ́n pọ̀, ẹ ó rí ibi tí 8 mA ti wá. Kò sí kóòdù tó lè dí regulator yẹn lẹ́nu.

Bọ́ọ̀dù Nucleo ti ilé iṣẹ́ ST ní jumper (ìdè kékeré tó so pin méjì pọ̀) kan tí wọ́n kọ IDD sí lára. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi mítà sáàárín pin méjèèjì, iná microcontroller nìkan ni yóò gba ibẹ̀ kọjá. Tí bọ́ọ̀dù yín ò bá ní irú rẹ̀, ẹ yọ USB, ẹ gbé 3.3 V wọ pin 3V3 tààrà, kí ẹ sì tú LED kúrò. Regulator ṣì lè máa fa iná díẹ̀ láti ẹ̀yìn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ nọ́ńbà tó mọ́, ẹ tú òun náà.

Kẹ́ ẹ tó fi mítà sí i, ẹ yọ jumper náà kí ẹ wo bọ́ọ̀dù. Ó yẹ kí ṣípù kú pátápátá. Tó bá ṣì ń ṣiṣẹ́, iná ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé: bóyá resistor 0 Ω kan ti so ẹ̀gbẹ́ méjèèjì jumper pọ̀, tàbí kó jẹ́ wáyà serial (èyí tó ń gbé ọ̀rọ̀ láàárín bọ́ọ̀dù àti kọ̀ǹpútà). Ìlà TX (tó ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́) tí nǹkan kan ò gba orí rẹ̀ kọjá máa ń dúró ní 3.3 V, iná rẹ̀ á sì gba inú diode ààbò pin RX (tó ń gba ọ̀rọ̀) bọ́ sínú ṣípù. Irú rẹ̀ ló ń mú kí mítà ka òdo tàbí kó fi àmì ìyọkúrò síwájú nọ́ńbà. Ẹ yọ wáyà serial àti ti sensọ̀ tó ní iná tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Mítà fúnra rẹ̀

Ẹ dán an wò pẹ̀lú ohun tẹ́ ẹ mọ̀. Resistor 33 kΩ lórí 3.3 V gbọ́dọ̀ fún yín ní 100 µA. 330 kΩ á fún yín ní 10 µA. Tó bá ka òdo, fíùsì ti jó. Lórí ọ̀pọ̀ mítà, ẹ lè gbé e sí Ω, kí ẹ fi wáyà tó wà nínú ihò VΩ kan ihò mA: fíùsì tó ti jó ò ní jẹ́ kó ka nǹkan kan.

Ìṣòro tó le jù nibi ni resistor tó wà nínú mítà. Ní ìpele µA, ó lè jẹ́ 100 Ω, ó sì lè tó 1 kΩ. Tí ṣípù bá jí tó fẹ́ fa 50 mA gba inú 100 Ω, 5 V ló yẹ kó ṣòfò síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ 3.3 V péré lẹ ní. Ṣípù á kú, á tún bẹ̀rẹ̀, á tún kú, mítà á sì máa fi nọ́ńbà tí kò nítumọ̀ hàn. Nítorí náà, ẹ fi wáyà kúkúrú so ẹnu mítà méjèèjì pọ̀ títí ṣípù á fi sùn, kí ẹ tó yọ ọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí mítà máa yan ìpele fúnra rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní mítà kejì, ẹ fi wọn VDD (pin tí iná ń gbà wọ ṣípù) sí GND (ìhà òdo iná) lára ṣípù lásìkò kan náà. Tó bá ti já sí 2.7 V, ẹ má gba nọ́ńbà yẹn gbọ́.

Nọ́ńbà ń tọ́ka sí ẹlẹ́bi

Tí gbogbo èyí bá ti mọ́ tí iná ṣì pọ̀, ẹ fi nọ́ńbà tẹ́ ẹ rí pín 3.3 V. Tó bá jẹ́ 330 µA, 10 kΩ ni ìdáhùn: pull-up (resistor tó ń fa pin sókè sí 3.3 V) kan wà tí pin rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀, ìyẹn ní 0 V. Nǹkan bíi 700 µA jẹ́ 4.7 kΩ, ẹ lọ wo I2C (ìlà méjì tí ṣípù fi ń bá sensọ̀ sọ̀rọ̀). Nǹkan bíi 80 µA sì sábà máa ń jẹ́ pull-up inú ṣípù. Tí nọ́ńbà bá ń yí padà nígbà tẹ́ ẹ bá na ọwọ́ sún mọ́ bọ́ọ̀dù, pin kan ń léfòó (kò sí ohun tó dì í mú sí 3.3 V tàbí 0 V). Lórí STM32 (ṣípù ST tó wà lórí Nucleo), ẹ sọ gbogbo pin tẹ́ ẹ ò lò di analog.

Ẹ má gbàgbé debugger (irinṣẹ́ tẹ́ ẹ fi ń wo bí kóòdù ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ṣípù). Lórí STM32, bit DBG_STOP àti DBG_STANDBY máa ń jẹ́ kí clock (aago inú ṣípù) ṣì máa ṣiṣẹ́ nígbà tí ṣípù yẹ kó ti sùn. Lórí nRF52 (ṣípù ilé iṣẹ́ Nordic), ipò debug lè wà síbẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti yọ wáyà. Ẹ yọ debugger, kí ẹ pa iná bọ́ọ̀dù, kí ẹ tún un tàn.

Bọ́ọ̀dù tó ń sùn tó ń jí

Mítà lásán ò lè bá yín wọn èyí, ó lọ́ra jù. Ká ní bọ́ọ̀dù ń jẹ 120 mA fún ìdajì ìṣẹ́jú àáyá nínú 60 ìṣẹ́jú àáyá, tó sì ń sùn ní 10 µA. Jíjí yẹn nìkan jẹ́ 1 mA tẹ́ ẹ bá pín in káàkiri 60 ìṣẹ́jú àáyá náà, torí náà dídín oorun kù sí 5 µA ò ní fi nǹkan kan kún ọjọ́ bátìrì. Bátìrì 1000 mAh á lò tó ọjọ́ 41 lórí ìwé. Ẹ dín àkókò jíjí kù sí ìdajì, á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì.

Láti rí i, ẹ fi resistor 1 Ω sójú ọ̀nà, kí ẹ wò ó pẹ̀lú oscilloscope (ẹ̀rọ tó ń ya bí iná ṣe ń lọ sókè sódò sójú rẹ̀): 120 mA á hàn bíi 120 mV. Ẹ ṣọ́ra fún ẹnu GND oscilloscope, ó so mọ́ ilẹ̀ iná ilé. Tẹ́ ẹ bá fi kan ìhà 3.3 V nígbà tí USB kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́nu iná wà lára bọ́ọ̀dù, ẹ ti so 3.3 V mọ́lẹ̀ nìyẹn. Ẹ lo bátìrì, kí ẹ fi resistor náà sí ìhà GND. Ẹni tó bá ń ṣe é lemọ́lemọ́ kúkú lè lo Power Profiler Kit II, ẹ̀rọ ìwọn iná ti Nordic, tó ń wọn láti 200 nA dé 1 A láìjẹ́ pé èèyàn ń yí ìpele.