Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí A Bá Ń Rajà ní Ìsọ̀ Aṣọ àti Iṣẹ́ Ọnà Àwọn Ọmọ Ìbílẹ̀ Kánádà

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdọọdún, ilé-ìwé àwọn ọmọ wa ní Winnipeg máa ń fi ìwé ránṣẹ́ sílé pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ọsàn wá ní ọjọ́ 30 oṣù náà. Ní ọdún tí a kọ́kọ́ dé, mo ṣe ohun tí òbí tí iṣẹ́ ń lé kiri máa ń ṣe. Mo rí ìpolówó kan lórí Facebook, wọ́n ya ìyẹ́ ẹyẹ àti àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé sára aṣọ náà, owó rẹ̀ kò pọ̀, mo sì san án lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ náà ti kọjá kí aṣọ tó dé nínú ọ̀rá tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti òkè òkun, nígbà tí a sì fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àwòrán ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí bí èèpo àlùbọ́sà. Obìnrin kan wà nítòsí wa, ọmọ Cree ni, ó ní ìsọ̀ tí ó ti ń ta aṣọ àti iṣẹ́ ọnà àwọn ènìyàn rẹ̀. Mo mú aṣọ náà lọ hàn án. Kò bínú, ó yí i sódì, ó wá orúkọ ẹni tí ó ya àwòrán náà títí, kò rí i, ó wá bi mí pé, “Ta ni ó jẹ nínú owó yìí?”

Ìbéèrè yẹn ni ìlànà tí irú ìsọ̀ bẹ́ẹ̀ ń kọ sára ògiri tàbí sórí ìkànnì rẹ̀ wà láti dáhùn, àìkà á ni ó sì ń bí èyí tí ó pọ̀ jù nínú àṣìṣe tí àwa tí a ti ilé wá máa ń ṣe níbẹ̀. Àwọn tí mo ń pè ní ọmọ ìbílẹ̀ ni àwọn tí ó ti wà lórí ilẹ̀ Kánádà kí òyìnbó tó gúnlẹ̀, àwọn bíi Cree, Anishinaabe, Haida, Inuit àti ọ̀pọ̀ mìíràn, pẹ̀lú àwọn Métis tí ìran wọn ṣẹ̀ láti ara àwọn àti òyìnbó. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yàgò fún “ọmọ onílẹ̀”, nítorí ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ti dà ní Èkó.

Àṣìṣe tí ó ṣáájú ni pé kí a ka ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ọsàn sí aṣọ ẹgbẹ́jọdá lásán. Ní ọdún 1973, ìyá àgbà Phyllis Webstad, ọmọ Secwepemc ní ìpínlẹ̀ British Columbia, ra ṣẹ́ẹ̀tì tuntun aláwọ̀ ọsàn tí ó ń dán fún un láti wọ lọ sí ilé-ìwé. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Bí ó ti dé St. Joseph's Mission, lẹ́bàá ìlú Williams Lake, ni wọ́n bọ́ aṣọ náà lára rẹ̀, kò sì wọ̀ ọ́ mọ́. Irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀, tí ìjọba ń náwó lé lórí tí àwọn ìjọ Kristẹni sì ń bójú tó, ni wọ́n kó àwọn ọmọ tí ó ju 150,000 lọ sí ní Kánádà, kí wọ́n lè gbàgbé èdè àti ìṣe àwọn òbí wọn. Láti inú ìtàn ṣẹ́ẹ̀tì Webstad ni Ọjọ́ Ṣẹ́ẹ̀tì Aláwọ̀ Ọsàn, ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án, ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2013, ọdún 2021 sì ni ìjọba àpapọ̀ sọ ọ́ di ọjọ́ ìsinmi. Ọdún 2021 yìí kan náà ni ìròyìn jáde pé ẹ̀rọ rí ohun tí ó jọ ibojì àwọn ọmọdé lábẹ́ ilẹ̀ ilé-ìwé Kamloops tẹ́lẹ̀, gbogbo ènìyàn sì ń wá ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ọsàn kiri. Kíá ni àwọn tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ jáde, tí wọ́n ń kó owó ọ̀fọ̀ ọlọ́fọ̀ sápò.

Nítorí náà ni ìsọ̀ tí ó jẹ́ ti ọmọ ìbílẹ̀ ní tòótọ́ fi máa ń kọ ibi tí owó ṣẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan ń lọ: èyí tí ó jẹ́ ti oníṣẹ́ ọnà, èyí tí ó jẹ́ ti ìsọ̀, àti èyí tí ó ń lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn tí ó la irú ilé-ìwé náà já. Bí ẹ bá rí i tí wọ́n kọ ọ́ pé “apá kan èrè wa ń lọ fún ìrànlọ́wọ́”, láìdárúkọ ẹgbẹ́, láìsọ iye, ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó. Ẹni tí ó ń ṣe é ní òótọ́ kì í fi ìdáhùn falẹ̀.

Àṣìṣe tí ó ń náni lówó jù ni àìfiyèsí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi polówó ọjà. “Iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ Haida” yàtọ̀ sí “aṣọ ní àṣà Haida”. Àwa gan-an kò lè ṣe bí ẹni tí kò mọ èyí. Àwọn aláró tí ó wà ní Ìtòkú ní Abẹ́òkúta mọ ohun tí ojú wọn ń rí lọ́wọ́ aṣọ tí ilé-iṣẹ́ Ṣáínà fi ẹ̀rọ tẹ àwòrán àdìrẹ sí, èyí tí kò rí ẹlú, tí kò rí lafún, tí wọ́n sì ń tà á ní ẹ̀bá wọn ní owó pọ́ọ́kú. Bí ẹnìkan bá sọ fún ọmọ Ẹ̀gbá pé aṣọ kan wà “ní àṣà àdìrẹ”, yóò ti mọ̀ pé kì í ṣe àdìrẹ.

Ní Amẹ́ríkà, òfin dá sí ọ̀rọ̀ náà. Láti ọdún 1990, ẹ̀ṣẹ̀ ni fún ẹnikẹ́ni láti ta iṣẹ́ ọnà lọ́nà tí yóò mú kí oníbàárà gbà pé ọmọ ìbílẹ̀ ni ó ṣe é nígbà tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ ṣẹ̀ sí òfin yìí lè san 250,000 dọ́là, tàbí kí ó lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún, tàbí kí ó jẹ ìyà méjèèjì pọ̀. Àwọn Navajo, ẹ̀yà kan níbẹ̀, wà lára àwọn tí ó lo òfin yìí ní ilé-ẹjọ́: ní ọdún 2012 ni wọ́n pe Urban Outfitters lẹ́jọ́ nítorí ọjà tí ilé-iṣẹ́ náà fi orúkọ wọn pè, ọdún 2016 ni wọ́n tó parí rẹ̀ ní ìtùnbí-ìnùbí. Kánádà kò ní irú òfin bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Vancouver fẹ́ gba àlejò ìdíje Olympics ìgbà òtútù ti ọdún 2010, súwẹ́tà kan tí Hudson's Bay Company gbé jáde jọ súwẹ́tà àwọn Cowichan, ẹ̀yà kan ní British Columbia, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn obìnrin wọn, tí ó ń fi ọwọ́ ran irun àgùntàn tí wọ́n sì ń hun ún ní àwọ̀ tí Ọlọ́run dá a láìrẹ ẹ́ láró, fi fárígá. Kò sí òfin irú ti Amẹ́ríkà tí wọ́n lè gbé lọ síwájú adájọ́. Ìjíròrò ni ó yanjú rẹ̀, tí ilé-iṣẹ́ náà fi gbà kí wọ́n máa ta súwẹ́tà tiwọn gan-an nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Vancouver.

Nígbà tí òfin kò sí, ìlànà ìsọ̀ ni oníbàárà ní láti gbára lé. Ẹ wá orúkọ oníṣẹ́ ọnà, kí ẹ sì wá orúkọ ẹ̀yà rẹ̀ àti ìlú rẹ̀. “Ọmọ ìbílẹ̀” nìkan kò tó, bí “ọmọ Áfíríkà” kò ṣe tó láti sọ ẹni tí ó hun aṣọ òkè. Àwọn Inuit ní àmì kan tí wọ́n ń so mọ́ iṣẹ́ ọnà wọn láti ọdún 1958, àwòrán ilé yìnyín ni wọ́n yà sí i, láti ọdún 2017 ni àjọ àwọn Inuit fúnra wọn sì ti ń bójú tó o. Ẹ tún wo bóyá ìsọ̀ náà máa ń ra iṣẹ́ lọ́wọ́ oníṣẹ́ tí ó sì ń sanwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí ó ń gbà á ní àwìn títí tí oníbàárà yóò fi dé. Àwọn tí ó ń sanwó lójú ẹsẹ̀ máa ń kọ ọ́ síta, nítorí ohun ìyangàn ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ yí ọjà padà kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Yẹtí ìlẹ̀kẹ̀ ni mo fi kọ́ èyí. Ìlẹ̀kẹ̀ dígí náà kéré ju hóró ọkà bàbà lọ, abẹ́rẹ́ tí ó lè gba inú ihò rẹ̀ sì tín-ín-rín bí irun. Níwájú, ayédèrú àti ojúlówó lè jọra. Lẹ́yìn ni àṣírí wà: ti ojúlówó ní awọ tí wọ́n rán mọ́ ọn, etí rẹ̀ ni wọ́n sì fi òwú yí ká ní ìlẹ̀kẹ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, tí ẹ óò fi àtàǹpàkò kàn án tí yóò dà bí etí agbọ̀n tí a hun dáadáa. Ti ayédèrú, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, gọ́ọ̀mù náà á sì yọ etí. Mo gbọ́ ọmọ ilé wa kan tí ó fi ẹnu ṣáátá irú yẹtí yìí pé kí ni ó kan ìbílẹ̀ nínú ìlẹ̀kẹ̀ tí òyìnbó ṣe. Òótọ́ ni pé láti Venice àti ilẹ̀ Czech ni òwò ti gbé ìlẹ̀kẹ̀ dígí kéékèèké dé ọ̀dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n irú òwò bẹ́ẹ̀ náà ni ó gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ń ṣe adé fún àwọn ọba wa, kò sì sí ẹni tí ó wo adé ọba Yorùbá tí ó pè é ní iṣẹ́ òyìnbó.

Ọ̀rọ̀ owó wá kù. Àwa kò rí ọjà tí a kì í ná, bí a bá sì ná an tán a ó tún béèrè èènì. Ní ìsọ̀ tí mo ń sọ, mo ní kí ìyá Cree tí ó ni ín yọ ogún dọ́là fún mi lórí yẹtí kan. Ó ní iye tí oníṣẹ́ náà béèrè ni òun fi lé e, ìrọ̀lẹ́ mẹ́rin ni oníṣẹ́ náà sì fi rán an lẹ́yìn tí ó ti ibi iṣẹ́ dé. Ìyẹn pa mí lẹ́nu mọ́. Bí owó ọwọ́ yín kò bá tó, kò sí ìtìjú níbẹ̀: ẹ béèrè ohun tí ó kéré, bíi káàdì tàbí àwòrán tí wọ́n tẹ̀ sórí pépà, owó oníṣẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀.

Èyí tí ó ń bí wọn nínú jù, tí wọn kì í sì í fi hàn ní ojú, ni kí a máa béèrè ohun tí kì í ṣe títà. Ẹ má béèrè fìlà oníyẹ̀ẹ́ gígùn tí ẹ rí nínú fíìmù. Ẹni tí àwọn ènìyàn rẹ̀ bá fi dá lọ́lá nítorí ohun tí ó ṣe ni ó ń dé e, kò sì sí ọmọ Yorùbá tí yóò lọ ra adé onílẹ̀kẹ̀ tí ó ní ìbòjú láti fi lọ síbi ọjọ́ ìbí. Ìyẹ́ idì pàápàá, òfin Amẹ́ríkà kò gbà kí ẹnikẹ́ni tà á, ìbáà jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀. Nítorí náà, ìsọ̀ tí ó bá ní òun ní i fún títà lọ́hùn-ún ti jẹ́wọ́ irú ẹni tí ó jẹ́. Ní etíkun ìwọ̀-oòrùn, àwòrán ẹyẹ ìwò tàbí ti idì lè jẹ́ ti ìdílé kan, bí oríkì orílẹ̀ ṣe jẹ́ ti ìdílé lọ́dọ̀ wa, tí ẹni tí kì í ṣe ọmọ Oníkòyí kì í fi dédé ki ara rẹ̀ ní ọmọ Oníkòyí. Láti ọdún 1885 títí di 1951 ni òfin Kánádà de àsè potlatch tí wọ́n ti máa ń gbé irú àwọn nǹkan wọ̀nyí jáde. Nítorí àsè kan tí àwọn Kwakwaka'wakw, ẹ̀yà kan ní etíkun yẹn, ṣe ní ọdún 1921, wọ́n kó àwọn kan nínú wọn lọ sí ẹ̀wọ̀n, wọ́n sì kó ìbòjú àti aṣọ àsè wọn lọ, tí púpọ̀ nínú wọn fi bá ara wọn ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ẹni tí wọ́n fi ipá gba ohun ìní lọ́wọ́ rẹ̀ báyẹn ni à ń bi pé èló ni.

Síbẹ̀, ìbẹ̀rù tí kò nídìí náà jẹ́ àṣìṣe. Ọ̀pọ̀ ìsọ̀ ń kọ ọ́ sábẹ́ ọjà pé ẹnikẹ́ni lè wọ̀ ọ́. Bí ẹ bá ti rí i bẹ́ẹ̀, ẹ rà á, kí ẹ wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́, kí ẹ sì dárúkọ ẹni tí ó ṣe é bí wọ́n bá bi yín.

Àwọn ìlànà yòókù kò le. Wọn kì í gba yẹtí padà nítorí ìmọ́tótó. Aṣọ tí kò bá ni lára ni wọ́n ń pààrọ̀. Iṣẹ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí wọ́n ṣe ń gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ìsọ̀ sì lè tì nítorí òkú tàbí àjọ̀dún ìdílé. Ẹ ra ṣẹ́ẹ̀tì oṣù Kẹsàn-án ní oṣù Keje.

Ó ku ọ̀kan tí ó jẹ́ tiwa pátápátá. A fẹ́ràn ẹgbẹ́jọdá, bí àwòrán kan bá sì ti wù wá, a ó yà á ní fọ́tò, a ó gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó ń tẹ aṣọ. Ẹgbẹ́ wa fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìpàdé ọdún kan, ọpẹ́lọpẹ́ akọ̀wé wa tí ó ní kí a kọ́kọ́ kọ̀wé sí ìsọ̀ náà. Ìyá náà bi wá pé ta ni yóò wọ̀ ọ́, mélòó, fún kí ni, bóyá a ó sì tà nínú rẹ̀. Ó bá oníṣẹ́ ọnà sọ̀rọ̀. Oníṣẹ́ náà gba owó lọ́wọ́ wa, ó fún wa láyè ṣẹ́ẹ̀tì ogójì péré, ó sì ní kí wọ́n tẹ orúkọ òun àti ti ìlú òun sí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ ráhùn pé owó náà ti pọ̀ jù. Ní ọjọ́ ìpàdé, òun ni ó kọ́kọ́ wọ tirẹ̀.